Ìdajì Ìwé Tó Wà ní Ìfọ́n

Ọwọ́ ìyá Dọlápọ̀sí ti wà nínú irun ọmọ rẹ̀ kí ó tó sọ ìròyìn náà tán.

"Hàfúsátù ọ̀rẹ́ rẹ ti kú. Ibà ni. Wọ́n ti sin ín ní Ìfọ́n láàárọ̀ yìí. Jókòó kí n tú irun yìí."

Dọlápọ̀sí fa orí sẹ́yìn. Hàfúsátù ló fi òwú dúdú kó irun náà fún un ní Sátidé, tó ń fà á le, tó ń rẹ́rìn-ín bí Dọlápọ̀sí bá ti yánu láti ké.

"Ẹ má tú u, mà."

"Ọwọ́ tó kó o ti wà nínú sàréè. Ṣé o fẹ́ máa ru òkú ọ̀fọ̀ kiri ni? Ẹgbẹ́ tó kú a máa pe ẹgbẹ́ tó kù."

"Bó bá pè mí, n ó jẹ́ ẹ."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Wọ́n ti ń kó ẹrù rẹ̀ jọ láti sun, kí ojú gbogbo wa lè kúrò níbẹ̀."

Láti sun. Dọlápọ̀sí wọ yàrá, ó mú ìdajì ìwé kan lábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. "Dọlápọ̀sí! Ìwọ Dọlápọ̀sí!" Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá pè, ọmọ a jẹ́. Lónìí, kò jẹ́.

Ọkọ̀ kò sí lójú títì. Epo ti wọ́n látìgbà tí wọ́n ti fagi lé ìbò. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìlobù, oko àgbàdo lọ́tùn-ún, oko àgbàdo lósì, ìwé náà láyà rẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Òṣogbo ni wọ́n ti rà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ni wọ́n bá kúkú pín in sí méjì. Hàfúsátù yára kàwé jù ú lọ, òun ló ka ìdajì àkọ́kọ́ tán, tó sì mú ìkejì lọ. Ìtàn ayé ogun ni. Lóru ọjọ́ kan, ẹnì kan ṣí ibodè ìlú fún ọ̀tá. Oníbodè ni wọ́n dì lókùn, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ní òun ó wá ẹni tó ṣe é rí kí wọ́n tó pa bàbá òun. Dọlápọ̀sí ní balógun ni. Hàfúsátù ní rárá o, ìyá ọmọ náà gan-an ni.

"Ìyá wo ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀?" Dọlápọ̀sí ti bi í ní Sátidé, nígbà tí orí rẹ̀ wà láàárín eékún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ tí o kì í mọ̀ bí iyọ̀ ò bá sí nínú ọbẹ̀, ṣé ìwọ ló máa mú ọ̀dàlẹ̀ nínú ìwé?" Hàfúsátù fi òòyà gbá a lórí. "Mo ti dé orí tó gbẹ̀yìn, mi ò kà á. A ó jọ kà á ni. Ọmọ àlè ló máa dá a kà."

Ní Ìfọ́n, àwọn obìnrin jókòó lórí ẹní lójúde. Ní ẹ̀yìnkùlé, Àlàájà, ẹ̀gbọ́n bàbá Hàfúsátù, dúró ti òkìtì aṣọ kan, agolo kẹrosíìnì lọ́wọ́ rẹ̀. Dọlápọ̀sí rí yúnífọ́ọ̀mù. Ó rí báàgì ilé-ìwé. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

"Ṣé ìwọ kọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀? Padà sílé. Wọn kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ òkú tẹ ibí yìí."

"Ìwé wa ni mo wá mú, mà."

"Ìwé wo? Ẹni tó ni ín ti lọ."

"Ìdajì ló ni, mà. Èmi ni mo ni ìdajì tó kù."

Lórí ìkúnlẹ̀ náà ni ó ti na ọwọ́ sínú báàgì. Ó kúnlẹ̀ nítorí pé àgbà ni àgbà ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ wo ọmọ yìí! Ta ló bí i? Gbé e sílẹ̀!"

"Mi ò gbé e sílẹ̀, mà."

"Ẹ jẹ́ kó wọlé." Ohùn ìyá Hàfúsátù ni, láti inú yàrá. Láti òwúrọ̀, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àlàájà wo ojú fèrèsé, ó sì sọ agolo náà kalẹ̀.

Ìyá Hàfúsátù jókòó sórí ibùsùn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti ká aṣọ rẹ̀ kúrò.

"Kí lẹ ń jà lé lórí ní Sátidé tí ẹ ò jẹ́ kí n sùn?"

"Ẹni tó ṣí ibodè ni, mà. A ò tíì mọ̀ ọ́n."

"Kà á fún mi."

Dọlápọ̀sí kà á sókè. Kò dá a kà. Nínú orí tó gbẹ̀yìn náà, ìyàwó oníbodè dìde níwájú ọba. Ó ní lóru ọjọ́ náà, òun gbọ́ ohùn ọmọdé lẹ́yìn odi, tó ń ké pe ìyá rẹ̀. Ohùn náà jọ ti ọmọkùnrin òun tí ogun kó lọ. Òun gbé ìdábùú ibodè kúrò. Ọ̀tá ni, kì í ṣe ọmọ òun.

Ìyá ọmọ náà ni lóòótọ́. Dọlápọ̀sí yíjú sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń dúró de yẹ̀yẹ́ Hàfúsátù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo.

"Èmi náà ì bá ṣí i," ni ìyá Hàfúsátù wí. "Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lóde báyìí, n ó ṣí i. Kí ogun tó bá fẹ́ wọlé máa wọlé."

Àlàájà ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Dọlápọ̀sí sọ̀kalẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti eékún ìyá náà.

"Ẹ bá mi tú u, mà."

Àwọn ìka náà kan irun rẹ̀, wọ́n dúró. "Òun ló kó o?"

"Òun ni, mà."

Obìnrin náà ń tú u díẹ̀díẹ̀, kò já òwú kankan. Nígbà tó tú u tán, Dọlápọ̀sí ní kí wọ́n fún òun ní abẹ́rẹ́. Ó to ìdajì ìwé méjèèjì léra, ó ki òwú dúdú náà bọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn pọ̀, ó ń fà á le, bí Hàfúsátù ṣe máa ń fa irun.