Kọ́bọ́ọ̀dù Tó Ń Sọ Òótọ́

Bàbá Káfíńtà ti gbà láti ta ilé. Orúnkún rẹ̀ ti bá àtẹ̀gùn jà tì, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti tún yàrá kan ṣe fún un nísàlẹ̀ ilé tirẹ̀, kó lè bá wọn lọ bí ìsinmi ọdún bá parí. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbà: kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ìyàwó rẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò sì ṣeé gbé jáde. Nígbà tí Bàbá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ káfíńtà tí ọwọ́ rẹ̀ ń yá ju ojú rẹ̀ lọ, inú yàrá òkè ló ti kàn án, ó sì kàn án tán kó tó rántí wo ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, ó fẹ̀ ju fèrèsé lọ. Ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. "Ọkọ mi kan ẹlẹ́wọ̀n," ni yóò máa wí fún àlejò.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Bó bá ti pa dé, àfi kí èèyàn fi ìbàdí gbá a kó tó ṣí. Bàbá ń sọ pé òun á tún un ṣe lọ́la. Ọ̀la ọ̀hún kò dé. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Láràárọ̀, bí Bàbá bá ń mu tíì nísàlẹ̀, á gbọ́ ọ lókè: gbì. Á mọ̀ pé ìyàwó òun ti jí. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti kú, Bàbá ti fi ègé pákó há ilẹ̀kùn náà kó má baà pa dé, ilé sì dákẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá wo ilé ní òun á fi áàkè tú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Bàbá fi ọ̀nà ìta hàn án. Ẹnì kejì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ó bá ọ̀nà kan náà lọ.

Ni alágbàtà tó ń bá wọn ta ilé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnu-oyin, bá lọ bá ọmọbìnrin Bàbá ní kíṣìnì.

"Àǹtí, bàbá yín ni kò jẹ́ kí ilé yìí tà. Lásìkò ọdún, ọkàn oníbàárà máa ń rọ̀ bí òwú. Bí wọ́n bá ti wá rí ojú bàbá báyìí, ó ti le padà nìyẹn. Mò ń mú àwọn kan bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ẹ jẹ́ kí bàbá má sí nílé, kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní pípadé, kí ilé mọ́ tónítóní."

Ọmọ jíṣẹ́ fún baba. Baba kò jiyàn. Ó dé fìlà, ó wọ bàtà, ó jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti tì nítorí ọdún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ kí ọmọ, òjò sì ń kùn. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà, ó rọra pọ́n àtẹ̀gùn lọ sí yàrá. Kò tíì jókòó tó fi gbọ́ ohùn Ẹnu-oyin tó ń bọ̀ lókè.

Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń sá. Ṣùgbọ́n ó ti gbà pé òun kò ní sí nílé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Wọ́n tún ti ní kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní pípadé. Nítorí náà ó yọ ègé pákó, ó wọnú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra.

Télọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ tó ní ilé búrẹ́dì ni oníbàárà. Télọ̀ so téèpù kọ́rùn lọ́jọ́ ìsinmi, kò sì sí ohun tó rí tí kò wọ̀n.

"Yàrá yìí," ni Ẹnu-oyin wí, "òjò ò wọ̀ ọ́ rí."

"Ó ń wọ̀ ọ́," ni ohùn kan dáhùn, "lẹ́bàá fèrèsé, bí atẹ́gùn bá ti ẹ̀yìn wá."

Ẹnu-oyin wúkọ́. "Ará ilé kejì nìyẹn. Kò níṣẹ́ méjì ju àtojúbọ̀ lọ."

"Ṣebí nísàlẹ̀ lo ti ní ògiri ilé yìí nípọn," ni Télọ̀ wí, "pé èèyàn kì í gbọ́ ohùn aládùúgbò?"

"Ó nípọn, sà. Ohùn ọkùnrin yẹn ló mú."

"Ògiri nípọn lóòótọ́," ni ohùn náà tún wí. "Èmi kọ́ ni ará ilé kejì."

Télọ̀ ti ń wọn kọ́bọ́ọ̀dù. "Èyí ò lè gba ẹnu ọ̀nà yìí jáde láé."

"Ìyẹn ò le, sà. A máa fi áàkè fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí ẹ tó kó dé."

Kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Kí lo ní o máa fi áàkè fọ́?" Bàbá ti ilẹ̀kùn kó lè jáde wá gbọ́ èsì. Kò ṣí. Ẹnu-oyin, tó ti wá dá ohùn náà mọ̀, fà á títí, kò ṣí. Télọ̀ fa kókó ilẹ̀kùn, kókó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wọn ìyẹn náà.

Ọmọbìnrin Bàbá sáré gòkè. "Bàbá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n má sí nílé."

"Mo ní kí ẹ jáde ni."

"Mo jáde. Ìta ti tì."

"Báwo la ṣe fẹ́ ṣí i báyìí? Màmá nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣí."

"Ìbàdí ni," ni Bàbá wí nígbẹ̀yìn. "Lápá òsì. Ibi tó ń dán yẹn."

Ẹnu-oyin gbá a. Egungun lásán ni ìbàdí rẹ̀, òun ló ké yéè. Télọ̀ gbá a, ilẹ̀kùn ta á dànù sórí ibùsùn. Ọmọ Bàbá gbá a, kò mira. Ni Ìyá Oníbúrẹ́dì bá ní kí wọ́n yà lọ́nà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú, ó tẹ̀ díẹ̀, ó gbá a bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn.

Gbì.

Bàbá dúró láàárín aṣọ ìyàwó rẹ̀ tòun ti fìlà lórí, ojú rẹ̀ le koko, ìborùn obìnrin kan wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ káàsán, bàbá," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

"Káàsán, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹnì kan ò kọ́ mi, sà. Ọwọ́ mi kì í ṣófo ní ilé búrẹ́dì. Ìbàdí ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn, òun náà ni mo fi ń tì í."

"Ṣé ẹ máa fọ́ ọ?"

"Ta ló ń fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó ń sọ òótọ́? Ẹni tó mú wa wá gan-an ò sọ tó o."

Bàbá ká ìborùn náà dáadáa, ó fi sápò. Lẹ́yìn náà ló kó wọn lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó fi ibi tó ń jò hàn wọ́n, ó sì ka àrùn ilé yòókù sílẹ̀. Ẹnu-oyin di orí mú. Télọ̀ ní tirẹ̀ ti wọ ẹ̀yìn aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó ń wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Bàbá wí. Ọmọ rẹ̀ yíjú. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ bá mi ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn pa."

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ìbàdí tì í pa.

"Ó tó. Ilé ti tà. Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ mu tíì."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì rò pé ọkọ òun ti lọ wọn yàrá kejì. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife ni ohùn kan dún lókè: "Ẹ dákun, ẹ̀yin ará ilé."

"Ará ilé kejì ni," ni Ẹnu-oyin wí, kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó gòkè lọ. Bàbá nawọ́ sí gbogbo wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Ó gbé tíì súnmọ́ ẹnu, kò mu ún, ó ń retí.

Gbì.

Ó mu tíì rẹ̀.