Ibi Tí Ohùn Obìnrin Ti Wọlé

"Àmínù, ibojì Mùs'áb kò tíì gbẹ. Kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí ṣe nínú yàrá opó?"

Àmínù olórin gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ síwájú Àfúsá, àbúrò mi, ẹni tí ó wà nínú opó Mùs'áb ọkọ rẹ̀, tí kò tíì gbọdọ̀ jáde.

"Ègbè yìí nìkan ni, Àfúsá. Bí orin yìí bá jáde, òde á máa pè ọ́. Wàá rí nǹkan fi tọ́ ọmọ."

Àfúsá gbè é. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì jáde, àwòrán Lubabah, ìyàwó Àmínù, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo lọ bá Àmínù nílé.

Ó ní, "Ṣé kí ayé gbọ́ pé opó ń kọrin? Àṣírí yín ni mo bò."

Lubabah ni òde ń pè. Yóò la ẹnu, kásẹ́ẹ̀tì yóò máa bá a kọrin. Àfúsá lọ ń rẹ aró n'Ítòkú, èéfín àti sódà sì jẹ ọ̀fun rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í bá Àmínù dúró ní sàfù kan náà ní mọ́ṣáláṣí. Ó lọ sí Mẹ́kà, n kò kí i kú àbọ̀. Ó kọ́lé alájà s'Ákè. Bí mo bá ti rí òrùlé rẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé àyà mi ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo bá Àfúsá ru àdìrẹ tí Lubabah ní kó rẹ fún òun lọ sí ilé náà. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. N kò bá wọn jókòó.

Haleemah, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, ló ti gbé àwọn orin bàbá rẹ̀ àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì, ẹ wo ìlà yìí. Òun ló ń sọ ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin dé. Bí ẹ ṣe ń kọrin, ó ń wálẹ̀."

"Ó ń wálẹ̀ kẹ̀?"

"Ẹ má bínú, wọ́n ń fò ó ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó níbí, ibi tí ohùn Mọ́mì ti wọlé. Ó gun òkè! Wọ́n ń dá a padà, wọ́n ń tún un gbọ́. Ará Ìlọrin, ará Kùmásí, ará Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ló ń béèrè pé ta ni obìnrin yìí."

Ojú Àmínù korò. Ó ń wo ìlà inú fóònù bí ẹni ń wo àlè ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí.

"Bùọ̀dá Sàlàhúdíìnì, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" ni Lubabah bi mí.

"Àwòrán ni. N kò rí àwòrán tó ń kọrin rí."

Haleemah kò fetí sí wa. "Mọ́mì, a fẹ́ tún un gbà sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ọ̀fun ń dùn mí."

"Díẹ̀ péré. Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́." Ó tan orin náà. Lubabah la ẹnu bó ṣe máa ń là á lóde. Ni Haleemah bá pa orin náà lójijì kó lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nìkan. Ẹnu ìyá rẹ̀ ṣì ń mì, kò sí ohùn kankan níbẹ̀.

"Mọ́mì?"

Àfúsá tó ń ká àdìrẹ lórí ẹní ló gba orin náà níbi tó já sí. Kò wo ẹnikẹ́ni. Bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọrin. Ohùn náà ti ya bí aṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà orin náà kò yẹ̀. Kò pẹ́ tí ikọ́ fi gbé e, ó sì fi ọwọ́ aláró bo ẹnu.

Haleemah wò ó, ó wo fóònù, ó wá wo bàbá rẹ̀.

"Dádì, ta ni obìnrin yìí?"

Àmínù ṣí fìlà rẹ̀.

"Àfúsá ni. Ìyá rẹ kò kọ ọ́ rí. Mo ní nítorí opó ni, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo yọ orúkọ rẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ ju tèmi lọ."