Àkàbà Ẹ̀yìn Kárávánì

Ilé tí ọkọ mi rà fún wa ní táyà. N ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Kárávánì ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ ṣe ìsinmi létí òkun. Tí wọ́n bá gbádùn tán, wọ́n á padà sí ilé gidi. Àwa ò ní ilé gidi kankan tí a máa padà sí. Gafar ọkọ mi, tó ń wa tírélà ní èbúté Apápá, ló rí i nínú yáàdì kan ní Warehouse Road láàárín ẹrù tòkunbọ̀, ló bá wọ́ ọ wá sí Ajégúnlẹ̀, sórí ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn Boundary, létí kánààlì. Ó gbé e ka búlọ́ọ̀kù, ó dúró níwájú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Inú kárávánì náà há. Tí mo bá ń ro àmàlà lọ́wọ́, ẹni tó bá fẹ́ kọjá máa dúró kí n rò ó tán. Èmi, Bàbá Sàfí, Sàfíátù ọmọ wa, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti Ìṣẹ́yìn wá tọ́jú orúnkún. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò, ọdún ti yípo lórí ẹ̀. Lápá kan, fẹ́ǹsì. Lápá kejì, níbi tí ilẹ̀kùn wà, tírélà àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ ọkọ mi, tí wọ́n máa ń gbé síbẹ̀ títí wọ́n á fi pè wọ́n wọ èbúté. Oòrùn kì í ráyè yọjú sí wa.

Ọkọ mi ti fi irin dí gbogbo fèrèsé kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí olè. Èyí tó wà lẹ́yìn, lókè bẹ́ẹ̀dì, nìkan ló kù. Fèrèsé ńlá ni, ó ní ọwọ́ pupa kan. Tí mo bá yí ọwọ́ náà, gbogbo gíláàsì á ṣí síta, á gbé ara ẹ̀ sókè. Láràárọ̀ ni mò ń yọ orí síta níbẹ̀, màá wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà létí kánààlì, màá kí Adaeze, aládùúgbò wa tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń mí.

Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá gbé omi kánààlì dé àtẹ̀gùn wa, Bàbá Sàfí ní a máa ṣe àkàbà sí ẹ̀yìn ilé, kí a lè gun orí òrùlé tí omi bá tún dé. Mo ní ó dáa, ìmọ̀ràn tó dáa ni lóòótọ́. Ó mú Onome wá láti Boundary, wẹ́dà tó máa ń ṣe àkàbà tánkà epo. Onome fi ìka kan ara kárávánì, ó mi orí.

“Ah, Mama Safi, body yìí rọ̀ bíi búrẹ́dì o! I no fit weld am. Bóòtù la máa fi dè é, màá fi irin pẹlẹbẹ tì í nínú.”

Ó ti gbé àkàbà náà sí igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí Ìyá tó sọ̀rọ̀ láti orí àga tí wọ́n jókòó sí.

“Gbé e sí àárín.”

“Màmá, fèrèsé wà níbẹ̀.”

“Torí ẹ̀ náà ni mo ṣe ní kí o gbé e síbẹ̀. Fèrèsé tí ò nírin, ẹnu ọ̀nà olè ni. Àkàbà yẹn á máa ṣe iṣẹ́ àkàbà, á tún máa ṣe iṣẹ́ irin.”

Bàbá Sàfí pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n ìyá ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ó nídìí tí wọ́n fi ṣe ọwọ́ pupa yẹn sí i, kí èèyàn lè ríbi sá jáde ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.”

“Ìyàwó, ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé olè ò sí ní Ajégúnlẹ̀ ni?”

Ẹni tó ti Ìṣẹ́yìn dé! Èmi tí wọ́n bí sí Boundary, èmi ni ò mọ olè. Mo wo ọkọ mi.

“Ohun tí Ìyá wí ni kó ṣe,” ó ní. Ọ̀rọ̀ parí.

Onome de nọ́ọ̀tì sínú ilé, ó sì jó orí bóòtù mọ́ àkàbà níta kí àwọn ọmọ tó ń ṣa irin má bàa tú u lọ tà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo yí ọwọ́ pupa. Fèrèsé náà sún díẹ̀, ó kan irin, ó dúró. Mo sunkún.

“Kí lo ń sunkún sí?” Ìyá bi mí. “Olè ò lè wọlé mọ́.”

Mo sọ ọ́ sínú pé èmi náà ò lè jáde mọ́.

Òjò tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Bàbá Sàfí ti wọ èbúté lọ, tí Sàfí wà nílé-ìwé. Orí ń fọ́ mi, mo dùbúlẹ̀, Ìyá náà sùn lọ. Àṣé Justice, dírẹ́bà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ti gbé tírélà ẹ̀ dé. Àwọn tó ń jí bátìrì pọ̀ ní àdúgbò wa, nítorí náà dírẹ́bà tó bá gbọ́n máa ń fi ẹ̀gbẹ́ tí bátìrì wà há mọ́ ara ògiri. Lọ́jọ́ yẹn, ilé wa ni Justice fi ṣe ògiri. Ó ní òun kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn, òun rò pé a ti jáde. Ó gba apá kejì sọ̀ kalẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ.

Omi tútù ló jí mi, nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo sáré ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí ìwọ̀n ọwọ́ kan, ó kọlu táyà tírélà Justice. Mo tún tì í, mo fi èjìká gbá a, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Òjò tó ń lu òrùlé gbé ariwo mi mì. Mo pe Justice, fóònù ẹ̀ ò lọ. Mo pe ọkọ mi.

“Mo wà lórí ìlà, mọ́tò wà níwájú, mọ́tò wà lẹ́yìn, n ò lè yí padà,” ó ní. “Ẹ gun àkàbà! Ẹ tètè gun àkàbà!”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àkàbà náà rèé níwájú wa lẹ́yìn gíláàsì, òjò ń ṣàn lára ẹ̀, kò sì sí bí a ṣe máa dé ìdí ẹ̀.

Omi dé orúnkún mi. Ìyá ti ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀.”

Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

“Tí o bá rí ọ̀nà, máa lọ. Sàfíátù á ti ilé-ìwé dé, kó má bàa dé bá òfo. Orúnkún tèmi ò lè gba ojú fèrèsé.”

Ìgbà yẹn ni sílíńdà gáàsì dojú dé sínú omi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde, ọwọ́ mi kan sípánà tí mo so mọ́ ọrùn ẹ̀, èyí tí mo fi ń tú orí ẹ̀ tí gáàsì bá tán. Mo wo sípánà. Mo wo nọ́ọ̀tì tí Onome dè sínú ilé. Inú ilé ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ wa!

“Ìyá, ẹ fi ti ikú sílẹ̀, ẹ tan iná fóònù yín fún mi.”

Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ gbọ́ràn. Èyí tó wà láàárín bó mi ní ìka kó tó gbà. Èyí tó wà lókè pátápátá ti dípẹtà, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ sípánà, kò mira. Omi ti ń rin bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá jù tẹ̀sùbáà sọ́rùn. Wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ka gíláàsì, tòun ti orúnkún tí kì í jẹ́ kí wọ́n dìde ṣe àlùwàlá láìsí pé mo dì wọ́n mú.

“Yí ọwọ́ pupa yẹn. Bìsìmílà!”

Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì, mo fi èjìká tì. Wọ́n ké nítorí ìrora, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Ara kárávánì tó rọ̀ bíi búrẹ́dì ya, bóòtù náà fà yọ tòun ti irin pẹlẹbẹ rẹ̀, àkàbà ṣubú sínú omi. Fèrèsé ṣí. Atẹ́gùn fẹ́ lù mí lójú, mo sì pariwo bí ọmọdé.

Mo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Omi dé ìbàdí mi. Mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, mo ní, “Ẹ gùn mí lẹ́yìn.”

“Èmi? Kí n gun ìyàwó mi lẹ́yìn? Kí ni ayé máa wí?”

“Kò sí ayé níbí, Ìyá. Omi nìkan ló wà níbí.”

Mo pọ̀n wọ́n. Wọ́n dì mọ́ mi lọ́rùn, mò ń gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù lẹ́yìn mi. Mo tọ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé ìdí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Adaeze, tó sáré sọ̀ kalẹ̀ wá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́, omi ti fà díẹ̀ nígbà tí Bàbá Sàfí dé pẹ̀lú Sàfí tó lọ mú nílé-ìwé, Justice ń tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọkọ mi rí wa lókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ló yíjú rí ihò tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀ àti àkàbà tó wà nínú ẹrẹ̀.

“Ta ló tú àkàbà mi? Ruqoyah!”

Mo lanu. Ìyá ti ṣáájú mi.

“Èmi ni.”

“Ìyá! Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ nítorí olè.”

“Kí olè máa bọ̀,” Ìyá ní. “Ibi tó bá gbà wọlé lèmi náà máa gbà jáde. Wá ibòmíràn gbé irin ẹ sí, Gafar. Fèrèsé ìyàwó mi nìyẹn.”

Wọ́n bọ́ ìborùn tí Adaeze fún wọn, wọ́n fi bò mí léjìká, torí mo ṣì ń gbọ̀n.