Àwo Tirmis Ọmọ Mi

...ó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe, ó ní. Ọmọ tí mo bí gbé àwo tirmis síwájú mi lọ́sàn-án gangan, ẹ̀wà kíkorò tí wọ́n rẹ sómi títí tí ìkorò rẹ̀ fi lọ, tí kò sì ládùn kankan, ó ní ó ṣeé ṣe kó dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi kù. Kò tilẹ̀ dá òun alára lójú — èmi sì ni kí n máa jẹ ẹ́.

Èmi Dessouki. Èmi tí gbogbo ìlú Damanhur ń wá ra bọ́tà ẹfọ̀n lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí ọkàn mi ti dá mi dùbúlẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọjà tí mo ń tà. Òórùn rẹ̀ ń gòkè wá láti ìsọ̀ báyìí, Wagdi ọmọ mi ọkùnrin ń yọ́ ọ lórí iná... á jẹ́ kó jóná. Dandan ni.

Ṣé oògùn dókítà ò tó ni? Mò ń lò ó, mi ò jiyàn. Àmọ́ Nagwan ọmọbìnrin mi yìí — Nagwan tó ń lọ ẹ̀wà kúnná ní yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì — ó ní tí purotéènì inú tirmis bá dà nínú ikùn, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, pẹ́pítáìdì lórúkọ àwọn ègé náà. Ó ní wọ́n lè so mọ́ omi òróòro tó máa ń gbé ọ̀rá kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, kí ọ̀rá má rí ohun gùn, kó bá ìgbẹ́ lọ. Mo bi í bóyá ó ti rí i lára ènìyàn. Ó ní inú ìgò ni àwọn ti rí i, pé tara ènìyàn ò tíì dájú.

“Ṣé ìgò ni mí?”

“Bàbá, ìgò kì í bínú.”

Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bọ́tà ló rán an níléèwé! Ó kàwé tán, ó wá ń wá ohun tí yóò lé bọ́tà jáde lára ènìyàn. Kí ló ń sọ fún mi gan-an? Pé èmi ni mo pa ìyá rẹ̀? Ohun tí gbogbo wa ń jẹ ni Tafida ìyàwó mi jẹ. Ọkàn ló pa á, kò tíì pé ogójì ọdún. Èmi kọ́ ni mo... rárá. Mi ò ní gbà. Lẹ́yìn ìsìnkú yẹn ni Nagwan yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà sí ti ẹ̀wà, kò bá mi sọ ọ́. Ṣé ó rò pé mi ò mọ ìdí ẹ̀?

Ó ti jókòó síwájú mi. Ó ń bó tirmis fún mi bí ẹni ń bọ́ ọmọdé. Ó ju ọ̀kan sẹ́nu ara rẹ̀. Ó tún ju òmíràn. Kò fẹ́ràn rẹ̀, ojú rẹ̀ fi hàn, síbẹ̀ ó ń gbé e mì bí ẹni ń lo oògùn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sójú rẹ̀ —

Kí nìyẹn? Lórí ìpéǹpéjú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Kókó kan tó pọ́n rúsúrúsú bí ọ̀rá, ó wú díẹ̀ lójú awọ. Òmíràn wà ní ojú kejì.

Tafida ní i. Ibẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni dókítà tó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ló ń yọ síta, pé ìyá lè fi fún ọmọ...

Nagwan ti ń sún mọ́ ogójì.

Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. Gbogbo ọdún wọ̀nyí — kì í ṣe ẹ̀sùn ló ń fi kàn mí ní yàrá àyẹ̀wò yẹn. Bí yóò ṣe gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là ló ń wá.