Àkọsílẹ̀ Bẹ́ẹ̀dì Keje

Bọ́tìnnì òkè pátápátá já lára kóòtù funfun Agbẹnusọ, ó ta sórí àtẹ̀gùn, ó sì ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Ọwọ́ Adúmáadán méjèèjì wà léjìká rẹ̀, ojú ọmọkùnrin náà sì wà nínú ojú rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ mi? Wọlé, jókòó sórí àga ẹ, má la ẹnu. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ nawọ́, o nawọ́ fún mi. Ó parí."

"Tí wọ́n bá wá bi mí léèrè ńkọ́?"

"Ta ló máa bi ẹ́? Èmi ni ọ̀daràn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀daràn tó rẹwà."

Kò pa á lẹ́rìn-ín. 

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin ni àwọn méjèèjì ní yunifásítì ìṣègùn náà. Agbẹnusọ ni gbogbo kíláàsì ń pe ọmọbìnrin yìí. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà níbẹ̀rẹ̀, nítorí bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, bàtà ara rẹ̀ ló máa ń wò. Adúmáadán ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló ń lọ láti yàrá dé yàrá nígbà ìdìbò, tó ń wí pé, "Ẹ jẹ́ ká rán ẹni tí kì í pariwo lọ bá àwọn àgbà. Aláriwo la ti ń rán látọjọ́ yìí, kí la rí gbà bọ̀?" Bí wọ́n ṣe dìbò yàn án sínú Ìgbìmọ̀ Ìbáwí nìyẹn.

Àga náà kì í ṣe àga lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó tipẹ́ nínú ìgbìmọ̀ oúnjẹ, ti ilé ìkàwé, ti ibùgbé, títí dé ti eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n ti ìbáwí, níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tó máa tún ọdún ṣe àti ẹni tó máa di ẹrù rẹ̀ lọ sílé, àwọn àgbà nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ lẹ́tà kí àwọn àgbà tó gbà, wọ́n sì gbà á fún ọdún kan péré, kí wọ́n fi dán àwọn ọmọ wò. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣe dáadáa, àga di tiwọn. Bó bá dójú tini, ó tán nìyẹn.

Òun ni ẹni àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí sì rèé. Ní gbogbo òwúrọ̀, kí àwọn dókítà àgbà tó dé wọ́ọ̀dù, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ bá aláìsàn tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, kó bi í bó ṣe sùn, kó gbọ́ àyà rẹ̀, kó sì kọ ohun tó rí sínú fáìlì. Bí ọ̀rẹ́ ẹni bá máa pẹ́, èèyàn á bá a kọ ọ́. "Gbà mí lẹ́rù" ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Àtikọ rẹ̀ kò le: wo ohun tó kọ lánàá, dà á kọ, yí déètì padà, fi orúkọ rẹ̀ sí i. Kò sí ọmọ kíláàsì náà tí kò gba ẹrù rí.

Ní ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn, Adúmáadán sin àbúrò rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Agbẹnusọ: *Ayọ̀ mi, gbà mí lẹ́rù, bẹ́ẹ̀dì keje.* Ó fi àwòrán ọkàn pupa kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọbìnrin náà wo ọkàn pupa yẹn kó tó dé wọ́ọ̀dù. Fáìlì bẹ́ẹ̀dì keje wà lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Kò dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣí fáìlì níbẹ̀, ó sì da ti àná kọ: *Wọ́n sùn dáadáa. Wọ́n jẹun díẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Aago méje òwúrọ̀.* Ó fi orúkọ Adúmáadán sí i.

Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì keje ti kú láti aago mẹ́rin ààbọ̀. Ìdí tí fáìlì rẹ̀ fi wà lórí tábìlì nìyẹn.

Nígbà tí ìwé ẹ̀sùn dé, Adúmáadán kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Tí mo bá gbà á, èmi nìkan ni. Tí ìwọ bá gbà á, àwa méjèèjì ni, àga náà sì lọ. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa gégùn-ún fún wa ni?" Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí Agbẹnusọ máa ń fi pamọ́ sábẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ egungun, irú ọkùnrin báyìí kì í hàn títí ìwé á fi kù díẹ̀ kó parí. Ó sunkún sí i láyà lọ́jọ́ náà. Ó gbà. Láti ìgbà yẹn ni oorun ti kọ ojú rẹ̀.

Yàrá ìpàdé tutù nini. Tábìlì gígùn kan, ìgò omi, pátákó kékeré níwájú oníkálukú. Tirẹ̀ ń wò ó: AṢOJÚ AKẸ́KỌ̀Ọ́. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ àgbà oníṣẹ́ abẹ, obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè nítorí kò sí ìgbà tó nílò rẹ̀. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ ni dókítà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Kò-Ì-Tó, torí ohun tó máa ń sọ sí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn nìyẹn, bóyá o kọ ojú ìwé kan tàbí ogún. Nọ́ọ̀sì àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbẹnusọ, akọ̀wé sì wà nídìí ilẹ̀kùn.

"Ọmọ yìí, ò ń gbọ̀n," ni nọ́ọ̀sì àgbà sọ sí i létí. "Ṣé afẹ́fẹ́ yìí ni?"

"Afẹ́fẹ́ ni, mà."

Alága gbé ìgò ojú rẹ̀ wọ̀. "Kí n tó ṣí fáìlì yìí: ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn lọ́nàkọnà, ẹbí ni o, ọ̀rẹ́ ni o, kó dìde, kó bọ́ síta."

Gbogbo ìpàdé ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dìde rí. Ojú rẹ̀ ń yí tábìlì ká, ó ń bọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ Agbẹnusọ, ó kọjá. Kò dìde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyẹn làwọn àgbà fi kọ́ni. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin téèyàn jókòó lé mọ́lẹ̀.

Adúmáadán wọlé. Ó dúró ṣánṣán, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Mo sì rí bàbá náà. Aago ni mo ṣì kọ. Oorun ò kùn mí, mo wá sí wọ́ọ̀dù ní nǹkan bí aago mẹ́rin, wọ́n sì wà lójúfò. Mo kọ aago méje torí aago méje ló yẹ ká máa kọ."

Agbẹnusọ yí ojú sí i. Kò sọ èyí fún un rí. Ohun tí wọ́n jọ sọ ni pé yóò gbà pé òun da ti àná kọ, pé yóò bẹ̀bẹ̀. Èyí yàtọ̀. Ẹni tó da irọ́ kọ lè tún ọdún ṣe. Ẹni tó ṣi aago kọ, ìkìlọ̀ lásán ni. Irọ́ náà mọ́ tónítóní, ó lẹ́wà bí ẹni tó ń pa á.

"Aago mẹ́rin ìdájí?" Kò-Ì-Tó fi gègé ha àgbọ̀n. "Akẹ́kọ̀ọ́ tó jí wá wo aláìsàn ní aago mẹ́rin. Hmm. Kò… kò burú."

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún kíláàsì pé ọ̀rọ̀ yìí ti ẹnu Kò-Ì-Tó jáde, wọn ò ní gbà gbọ́.

"Ẹni tó mú ẹ̀sùn wá wà níta," ni Alága wí. "Ó ní ìbéèrè kan."

Obìnrin tó wọlé jẹ́ aránṣọ; tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó dájú pé kò rántí pé ó wà níbẹ̀. Ó kí gbogbo wọn, ó wá dojú kọ Adúmáadán.

"Mi ò wá bá yín jà o. Ọkọ mi ló kú, ìjà ò lè jí i. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pé oorun tó ń sùn yẹn, kò ní jí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo lọ. Mo wá rí i nínú fáìlì rẹ̀ pé ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ lo rí i?"

"Mo rí wọn, mà. Ní aago mẹ́rin."

"Ó wà lójúfò?"

"Wọ́n wà lójúfò, mà."

Ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀. "Ṣé ó béèrè mi?"

Agbẹnusọ rí i bí Adúmáadán ṣe ronú. Kò pẹ́, ó tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe rọ̀, ojú kan náà tó fi ń wò ó lórí àtẹ̀gùn.

"Wọ́n béèrè yín, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ó rò pé ẹ̀bùn lòún fún un. Obìnrin náà di etí tábìlì mú.

"Ó béèrè mi," ló wí. "Ó béèrè mi, èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi nílé, mò ń hanrun. Nọ́ọ̀sì yẹn purọ́ fún mi. Ó lé mi lọ sílé, ọkọ mi sì ń wá mi."

"Nọ́ọ̀sì wo ló wà lẹ́nu iṣẹ́?" Kò-Ì-Tó ti ń kọ nǹkan. "Ẹ pè é wá."

"Ọmọ abẹ́ mi kì í purọ́," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá gègé láti kọ orúkọ náà sílẹ̀.

Àga Agbẹnusọ gbá ògiri kó tó mọ̀ pé òun ti dìde.

"Irọ́ ni, mà."

"Agbẹnusọ," ni Adúmáadán wí, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń pè é nígbà tó bá fẹ́ fi ẹnu kò ó lẹ́nu.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó wá ní aago mẹ́rin. Mi ò tilẹ̀ dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Mo da ti àná kọ. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún yín ni òótọ́, mà. Bàbá ò jí."

Kò-Ì-Tó gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe báyìí?" Alága bi í.

"Rárá, mà."

Obìnrin aránṣọ kò wo Alága. Agbẹnusọ ló ń wò. "Kò rẹ́rìn-ín nígbà náà?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni." Ó dojú kọ obìnrin náà. "Aláìsàn tèmi wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹjọ. Mò ń gbọ́ àyà wọn, mò ń sọ pé, 'Ẹ mí sínú, ẹ mí síta,' ẹ̀rọ ìgbọ́yà sì wà lọ́rùn mi. Mo gbàgbé, mi ò fi í setí. Bàbá yọjú láti bẹ́ẹ̀dì keje, wọ́n ní, 'Dókítà, ṣé ọrùn lẹ fi ń gbọ́ràn níléèwé tiyín ni?' Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ń bọ̀ lọ́sàn-án, àwọn máa sọ fún un."

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn," ló wí níkẹyìn. "Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ìka sí ọrùn, ikọ́ ò jẹ́ kó sọ ọ́. Mo rò pé ọ̀fun ló ń dùn ún. Mo fún un lómi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọrùn! Òun nìyẹn. Ọkọ mi gan-an nìyẹn."

Alága na ọwọ́ sí pátákó AṢOJÚ AKẸ́KỌ̀Ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, o jókòó," ló wí. "Ẹ bọ́ síta, ẹ̀yin méjèèjì. A ó pè yín."

Níta, lórí bẹ́ǹṣì inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Adúmáadán jókòó sí ìpẹ̀kun kan, Agbẹnusọ sí ìkejì.

"Mo ti ń gbé e lọ dáadáa," ni Adúmáadán wí. " Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù."

"Obìnrin yẹn ń sunkún."

"Gbogbo ẹni tí èèyàn ẹ̀ kú ló máa ń sunkún."

Agbẹnusọ wò ó. Ó ṣì rẹwà, ìyẹn gan-an ló dùn ún.  Ó ń ro bí òun ó ṣe dé yàrá ìjẹun lálẹ́, bí wọ́n á ṣe dákẹ́ bó bá wọlé, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi wá àga yẹn, ìpàdé mẹ́rin ló fi sọ ọ́ nù. Ó ń ro ohun tó máa sọ fún ìyá rẹ̀. 

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin aránṣọ ló jáde, fóònù wà létí rẹ̀. Ó wá dúró síwájú Agbẹnusọ.

"Akọ́bí mi ọkùnrin rèé. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní bàbá òun ò lè máa dá àpárá nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀. Sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi."

Agbẹnusọ gba fóònù. Bó ṣe fẹ́ la ẹnu ni akọ̀wé yọ orí jáde.

"Wọ́n ti ṣe tán. Wọ́n ń pè yín."

Adúmáadán fò dìde, ó ń fa kóòtù rẹ̀ gún. Agbẹnusọ kò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú méjì," ló wí.

Akọ̀wé wò ó bí ẹni tí etí tàn jẹ. Agbẹnusọ náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Àyà rẹ̀ ṣì ń lù kì-kì-kì. Kò mọ̀ rí pé ẹ̀rù lè ba ènìyàn tó báyìí, kí ohùn rẹ̀ sì máa jáde.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà," ló wí sínú fóònù. "Ẹ̀gbẹ́ bàbá yín ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá àpárá náà."