Àdàlù Alẹ́ Alágbe

Arlys ìyàwó mi kò kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdàlù sínú ìwé níbì kankan. Kí n tètè sọ ìyẹn ná, nítorí Joleen ọmọ wa ti bi mí lórí fóònù pé, "Dádì, ṣé Mọ́mì ò kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é síbì kan ni?" bí ẹni pé ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń wo ìwé kó tó dáná. Orí ni Arlys fi ń ṣe é, ọwọ́ ló fi ń wọn iyọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi jókòó ti tábìlì ilé ìdáná yẹn tí mò ń wò ó, ohun kan ṣoṣo tí mo sì rí kọ́ ni bí a ṣe ń jí ẹ̀pà jẹ nínú abọ́ kó tó dénú ófùn.

Ó kú ní oṣù Kẹrin. Nígbà tí oṣù Kẹwàá máa dé, elégédé tí wọ́n gbẹ́ bí ojú èèyàn ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ní òpópónà wa, ó wá ku èmi nìkan àti ọ̀rọ̀ àdàlù.

Àdàlù ni mo máa ń pè é. Oúnjẹ àárọ̀ alágbàdo bíi kọnfíléèkì ni, àwọn onígun mẹ́rin yẹn, pẹ̀lú ẹ̀pà oníyọ̀ àti bisikíìtì kéékèèké tí wọ́n lọ́ bí okùn. A ó yọ́ bọ́tà àti ṣúgà pupa lé e lórí, a ó yan án, a ó sì da súwíìtì àgbàdo sí i, èyí tó ní àwọ̀ mẹ́ta. Iyọ̀ ló máa kọ́kọ́ bá ọ lẹ́nu, ṣúgà á tẹ̀lé e, kí o tó mọ̀, ọwọ́ rẹ ti padà sínú abọ́. Arlys á di í sínú ọ̀rá kéékèèké, á fi rìbọ́ọ̀nù so wọ́n lẹ́nu. Ìyẹn la fi ń ṣe àwọn ọmọ lálejò ní Alẹ́ Alágbe.

Níbòmíràn ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Halowíìn gan-an, ìyẹn ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, ni àwọn ọmọdé ń wọ aṣọ iwin kiri ojúlé láti tọrọ súwíìtì. Ní Des Moines tiwa, ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni, a kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan lófẹ̀ẹ́. Ọmọ tó bá fẹ́ jẹ súwíìtì á pa ẹ̀fẹ̀ kan. Kò sí ẹ̀fẹ̀, kò sí súwíìtì. Èmi ni adájọ́. Màá jókòó sí fàráńdà, màá ká apá, màá sì fa ojú ro. Arlys á dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú abọ́. Tíṣà kan náà ló ń kọ́ wọn ní ẹ̀fẹ̀, nítorí náà ẹ̀fẹ̀ kan náà ni odidi kíláàsì kan máa ń gbé wá, Arlys á sì rẹ́rìn-ín sí i fún olúkúlùkù wọn bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀rín rẹ̀ ń dé ìkángun òpópónà. Ní tèmi, n kì í rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kì í rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni Joleen ti ń sọ pé kí n wá máa bá òun gbé ní Phoenix. Ó ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè mí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí Alẹ́ Alágbe tó kò, ó tún pè.

"Dádì, ta ló ń wò yín níbẹ̀?"

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí, tí wọ́n á máa wò mí? Gbogbo òpópónà yìí ló mọ̀ mí. Kò sí ọmọdé tí kò mọ ilé yìí."

"Àwọn ọmọdé tó mọ ilé yẹn ti bímọ, Dádì. Mọ́mì ni wọ́n sì mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Orí mi gbóná, mo ní, "Ó dáa. Bí ọmọ kan, ẹyọ kan péré, bá wá sẹ́nu ọ̀nà mi ní Alẹ́ Alágbe, o ò gbọdọ̀ dárúkọ Phoenix sí mi létí mọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó wá, èmi fúnra mi ni màá pè ọ́ pé kí o wá kó mi."

"Ṣé ẹ ò ní yẹ̀ ẹ́?"

"Ìgbà wo ni mo sọ̀rọ̀ tí mo yẹ̀ ẹ́ rí?"

Bí mo ṣe ti ara mi sínú iṣẹ́ àdàlù nìyẹn. Tíréè àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí mo gbé sínú ófùn, àtẹ̀pà àti súwíìtì. Ṣé súwíìtì ń gba iná ni? Ó yọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ tíréè pinpin. Ọ̀bẹ ni mo fi ń họ ọ́, tí mò ń bú ara mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo ní, "Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, Arlys." Fíríìjì nìkan ló ń kùn.

Ìgbà kejì, mo dúró kí ó tutù kí n tó da súwíìtì sí i. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Mo bu iyọ̀ sọ́wọ́, mo wọ́n ọn bí mo ṣe máa ń rí i tó ń wọ́n ọn, láti òkè wá, mo ro ó pọ̀, mo tún tọ́ ọ wò. Òun gan-an nìyẹn. Mo fìdí kalẹ̀ lórí àga rẹ̀, mo sunkún. Àdàlù Arlys wà lẹ́nu mi, Arlys fúnra rẹ̀ ò sí nílé.

Nígbà tí ó di ọjọ́ náà, mo fá irùngbọ̀n, mo wọ kóòtù, mo tan àbẹ́là sínú elégédé, mo tan iná fàráńdà, mo sì gbé abọ́ lé itan. Aago mẹ́fà ni àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́fà lù, n kò gbúròó ẹnì kankan. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, ó sì le sí i. Iná fàráńdà àwọn aládùúgbò ò tàn. Mo ní, ẹ wò ó, ayé ti bàjẹ́, ahun ni gbogbo wọn, súwíìtì lásán ni wọ́n ń sá fún. Ọkọ̀ kan kọjá. Ajá kan wá gbóòórùn àtẹ̀gùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ń gbé ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ yẹ̀ wò nínú orí mi kí ojú mi má bàa kún fún omi. Atẹ́gùn gbé òjò wọlé bá mi, ó pa àbẹ́là inú elégédé, n kò sì dìde. Bí mo bá dìde, á jẹ́ pé ó ti parí.

Aago mẹ́jọ ni wọ́n máa ń parí. Nígbà tó lù, mo wọlé, mo pe Phoenix.

"O jàre," ni mo wí.

"Kò sí ẹyọ kan, Dádì?"

"Ẹyọ kan ò sí."

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó kàn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì. Màá wá kó yín."

Ní ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run mọ́, òtútù mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìròyìn di àwọn ife Arlys sínú páálí. Àwọn ọ̀rá àdàlù wà lórí tábìlì pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù lọ́rùn wọn, mo tú ọ̀kan, òun ni mo fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Ilé tí èèyàn ti gbé títí ṣòroó kó, ẹ jọ̀ọ́. Ife kan ṣoṣo, wákàtí kan ni mo fi wò ó.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí fóònù dún.

"Dádì, ṣé iná fàráńdà yín ń jó?"

"Kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe?"

"Ẹ lọ tàn án. Òní ni."

"Kí ló jẹ́ òní?"

"Alẹ́ Alágbe. Wọ́n sún un sí òní nítorí òjò. Ìlú ti kéde rẹ̀ láti ìjẹta. Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ ló gbé fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ sórí fóònù, ó ní àwọn ń múra. Ọ̀sán ni mo rí i."

Mo jókòó sórí páálí. N kì í gbọ́ rédíò, èmi àti fóònù aláwòrán kò sì rẹ́. Arlys ló ń gbọ́ ohun tó bá ń lọ, òun ló ń sọ ọ́ fún mi nídìí tíì àárọ̀. Èmi á ní "ẹn-ẹ́n", màá máa bá búrẹ́dì mi lọ. N kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń mọ ọjọ́ nìyẹn.

"Láti ọ̀sán lo ti mọ̀?" ni mo bi í.

"Láti ọ̀sán. Mo ti rìn yí ilé yìí ká títí, Dádì. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ẹ ò ní mọ̀, ẹ ó sì wá. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí yàrá yín. Ẹ ṣáà lọ tan iná, ẹ jọ̀ọ́, kó tó pẹ́."

Kí n tó tan iná, mo mú ọ̀rá kan, mo fi í sẹ́yìn ìkòkò ṣúgà. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo wá kó ìyókù sínú abọ́, mo jáde.

Wọ́n wá. Iná ò tíì tàn tán tí ẹsẹ̀ fi ń dún lórí àtẹ̀gùn. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ tí wọ́n ya eegun òkú sí ló ṣáájú.

"Kí ló dé tí iwin fi ń kan ilẹ̀kùn?" ló bi mí.

"Mi ò mọ̀. Kí ló dé?"

"Ó gbàgbé pé òun lè gba ara ògiri wọlé!"

Ó dúró. Èmi náà dúró. Lẹ́yìn mi, níbi tí ó yẹ kí ẹ̀rín ti jáde, kò sí nǹkan kan. Ojú ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kò sẹ́lòmíràn, èmi ni mo gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Kò dára, ó dà bí ikọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbà á, ó gba àdàlù rẹ̀, ó lọ. Ẹni tó tẹ̀lé e gbé iwin kan náà wá. Mo tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹnì kẹfà, ọ̀fun mi ti là díẹ̀.

Ìyá kan gbé ọ̀rá náà sókè sí iná. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é fúnra yín?"

"Èmi ni."

"Ó mà dáa o," ló wí, ó sì fi ìka méjì jù ú sínú àpò ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá délé, á dà á nù, torí èyí tí ilé iṣẹ́ dì ni wọ́n ń fẹ́ báyìí. Kó dà á nù. Ọmọ rẹ̀ ti pa ẹ̀fẹ̀, mo sì ti fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Trent ló wá kẹ́yìn, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ilé tó kọjú sí tiwa gan-an ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń ti òkè òpópónà bọ̀. Ọmọ náà wọ páálí tí wọ́n kùn bíi katakata, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà fàráńdà wọlé, nítorí náà mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Trent ń rẹ́rìn-ín, èèyàn dáadáa ni.

"Bàbá Voss! Ẹ jẹ́ á dúpẹ́ pé òjò ò tún rọ̀. A rí yín lánàá o. Èmi àti ìyàwó mi jọ ń wò yín láti ojú fèrèsé. A ní kí ló ṣe bàbá yìí, tí wọ́n jókòó sínú òjò tàwọn tabọ́?"

"Ẹ rí mi?"

"A rí yín dáadáa. Ìyàwó mi ní bóyá atẹ́gùn lẹ kàn ń gbà."

Kò ní ibi lọ́kàn. Ó yẹ kí n bínú, inú ò sì bí mi, àárẹ̀ ló mú mi. Títì nìkan ló wà láàárín wa. Mo fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rá méjì tó kù nínú abọ́, mo ní kí wọ́n sùn re. Mo sì dúró nínú òtútù, mò ń wo bí iná àwọn ilé ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Joleen gbé fóònù kó tó dún tán.

"Ṣé wọ́n wá?"

"Wọ́n wá. Ọ̀rá tán."

"Ó dáa náà. Ẹ̀yin lẹ jàre, Dádì. Mi ò ní dárúkọ Phoenix mọ́."

"Pa ẹ̀fẹ̀ kan fún mi."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe báyìí."

"Kò sí ẹ̀fẹ̀, kò sí súwíìtì. O mọ òfin."

Ó fa imú. Ó wá pa èyí tó pa nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, nígbà tó wọ aṣọ iṣẹ́ mi tó ń wọ́ nílẹ̀. "Màlúù kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ ra mílíìkì. Ọlọ́jà ní, 'Ìwọ tí mílíìkì wà lára rẹ?' Màlúù ní..." Ohùn rẹ̀ já, ó tún un mú. "Màlúù ní, 'Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lónìí.'"

Mo rẹ́rìn-ín. Èyí kò dà bí ikọ́.

"Ọ̀rá kan ṣẹ́kù," ni mo wí. "Ẹ̀yìn ìkòkò ṣúgà ni mo fi í sí. Tìrẹ ni, wá gbà á. Bí o bá dé, kí o kó mi."