Ajá Tí Yóò Máa Jẹ́ Fimí

Kí obìnrin tó ni ọgbà náà tó sọ pé kó ṣọ́ra, Oyinkán ti kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ti di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá pupa náà mú, ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni. Ó nu ún títí ìka fi hàn. Méjì nínú àwọn ìka náà funfun báláú, bí ẹni pé ajá náà tẹsẹ̀ bọ inú èlùbọ́.

"Òun nìyí," ni ó sọ. Kò sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ìyáàfin Morọ́lá Ògúnjìmí, ẹni tó ni ọgbà náà, dúró tì í pẹ̀lú ike oúnjẹ lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé, ohun tí àwọn ará Òkè-Afá sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní kí ẹ wá wo ọmọ Oǹdó tó ń gba ajá lọ́wọ́ ikú. Wọ́n ní bóyá ńṣe ló ń sìn wọ́n de ọdún Kérésì. Ìyá náà kì í tìtorí ìyẹn dúró. Èyí tí ọkọ̀ gbá, èyí tí wọ́n fẹ́ pa jẹ, èyí tí ẹni tó ni ín kó kúrò ládùúgbò tó sì fi sílẹ̀, gbogbo wọn ló ń kó sẹ́yìn ilé rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?" ni ó béèrè.

"Ẹ wo àmì yìí, mà. Ẹ sáà wò ó."

Kí ọ̀rọ̀ àmì yìí tó lè yé èèyàn, ó di dandan kí a padà sí ilé tí Oyinkán ń gbé ní Ìsọlọ̀. Nínú ilé náà, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Oyinkán. Ta ló ń pe obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lórúkọ àbísọ láàárín ayálégbé? Orúkọ ọmọ la fi ń pe abiyamọ: Ìyá Táòfíkì nìyí, Ìyá Kọ́láolúwa nìyẹn. Oyinkán kò bímọ. Ọkọ rẹ̀ ti bá ẹni tó bímọ lọ. Tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, nítorí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá ti pe tíṣà tán, ọ̀rọ̀ ọmọ ló kàn. Wọ́n á ní ìjọ kan wà ní Èjìgbò tí kì í bá a tì. Wọ́n á ní àgbo kan wà. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run ò ní gbàgbé.

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà sú u, Oyinkán lọ ra ọmọ ajá kan, ó wo ilé dáadáa, ó sì sọ ọ́ ní Ẹfimísílẹ̀. Láàárọ̀, lálẹ́, á dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbóhùn sókè: "Ẹfimísílẹ̀! Ẹfimísílẹ̀ o!" Ajá á sáré wá, gbogbo ilé á sì gbọ́ tiwọn. Àwọn náà kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n gbé orúkọ náà, wọ́n sọ ọ́ padà lù ú: wọ́n ń pè é ní Ìyá Ẹfimísílẹ̀.

Èébú ni níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èébú tí èèyàn ń pè lójoojúmọ́ tí kò ní rọ̀ lẹ́nu. Ó di Ìyá Fimí. Ìyá Fimí, ẹ bá wa wo iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ yìí. Ìyá Fimí, omi ti ń yọ o. Ó wá di pé bí ẹnì kan bá pe Oyinkán lójú títì, kì í wẹ̀yìn. Kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan, àmọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ohun kan tó ti wà ní ìdúró nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ máa ń jókòó.

Fimí kú nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀. Ó kọ oúnjẹ, ó ń su ẹ̀jẹ̀, Oyinkán gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Òṣòdì, orí itan rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ló sì kú sí nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Onílé ní wọn kì í sin ajá sínú ọgbà òun. Ọkùnrin tó ń fi ọmọlanke kó ìdọ̀tí ló dì í sínú àpò ìrẹsì, tó gbé e lé àárín èèpo iṣu àti ike omi. Oyinkán tẹ̀ lé ọmọlanke náà dé ìkòríta. Ibẹ̀ ló dúró sí títí kò fi rí i mọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kò bínú sí wọn. A kì í kí èèyàn kú ọ̀fọ̀ ajá, òun náà mọ̀. Ohun tó dùn ún dé egungun ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, nígbà tí Memunat, Ìyá Táòfíkì tí yàrá wọn kọjú síra, fẹ́ kó bá òun sún garawa. "Ìyá..." ni Memunat wí, ẹnu rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi sún garawa yín." Láti ọjọ́ náà, mà ni gbogbo ilé ń pè é. Mà ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ báńkì. Mà ni wọ́n ń pe obìnrin tó ṣìnà wọlé.

Ìdí nìyí tó fi wá sí Òkè-Afá. Láàárín gbogbo ajá tó ń gbó mọ́ ọn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń wò. Lábúlé wọn ní Èkìtì, bí ọmọ bá kú tí òmíràn sì dé, àwọn àgbà a máa yẹ ara ọmọ tuntun wò bóyá àmì ti àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó rí àpá létí ọmọ náà, ó bú sẹ́kún, ó ní, "O ti dé." Fimí ní ìka funfun méjì ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì. Èyí náà rèé.

Ìyáàfin Ògúnjìmí gbé ike oúnjẹ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó la ẹnu ajá náà pẹ̀lú àtàǹpàkò.

"Ẹ wo eyín rẹ̀. Ó ti jẹ tán. Ajá yìí á tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ni tiyín kú?"

"Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀."

Ìyá náà rọra pa ẹnu ajá dé. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, Oyinkán náà sì rí i kedere: ẹni tó ti ń rìn láyé kí ẹlòmíràn tó kú kò lè jẹ́ ẹni náà tó padà wá. Ó ṣì di ẹsẹ̀ náà mú. Ó ń wo ìka funfun méjì náà, ó sì ń wò ó pé èyí tí wọ́n gbé sórí ọmọlanke ti lọ, ó ti lọ pátápátá.

Ajá náà wá na ọrùn. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ Oyinkán láti orí ìka dé gìgísẹ̀, ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, láìkánjú. Lẹ́yìn náà ó gbójú kúrò, ó kọjú sí géètì.

"Ó fẹ́ràn mi," ni Oyinkán wí.

Ìyáàfin Ògúnjìmí wo ibi tí ajá náà kọjú sí. "Ire-Akárí ni mo ti rí i. Ilé kan tó ṣófo. Bóyá àwọn tó ni ín kú ni o, bóyá wọ́n kó lọ ni o, àwọn aládùúgbò ò lè sọ. Ẹnu géètì ilé náà ló ń sùn. Nígbà tí mo gbé e kúrò níbẹ̀, ó padà lọ, mo tún lọ gbé e." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Àbúrò mi, ẹ má gbé e nítorí àmì. Ajá kékeré wà níbí tó máa tètè mọ̀ yín."

"Màá gbé e, mà."

Nínú kẹ̀kẹ́, awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn. "Mọ́mì, ṣé kì í bu èèyàn jẹ?" Oyinkán ní kì í bu èèyàn jẹ. Ó gbé orí ajá náà lé itan rẹ̀, níbi tí orí ti àkọ́kọ́ wà, ṣùgbọ́n ajá náà gbé orí rẹ̀ kúrò. Ó jókòó ṣánṣán, ó ń wo gbogbo ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá títì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, kò fo ẹnì kankan.

Memunat ń fọ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n wọlé. Ó dìde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́.

"Háà! Ẹ ti rí òmíràn! Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ó yẹ kí Oyinkán ronú kó tó dáhùn. Kò ronú. "Fimí," ni ó wí.

Memunat wo ajá, ó wo obìnrin. Ìdùnnú tó bò ó lójú kì í ṣe ẹ̀tàn, nítorí òun náà ti ń jìyà ẹnu tí kò rí orúkọ pe aládùúgbò rẹ̀. "Ìyá Fimí!" ló ké. "Ìyá Fimí, ẹ káàbọ̀ o! Ilé ti tún gún!" Ó wá tẹ̀ síwájú, ó ń ta ìka sí ajá. "Fimí! Fimí, wá!"

Ajá náà kò wò ó. Géètì ló ń wò.

Oyinkán dúró, ó ń retí kí ohun tó wà ní ìdúró nínú rẹ̀ jókòó. Kò jókòó. Orúkọ tó ti ń wá kiri láti ìgbà òjò ti dé etí rẹ̀, ó sì kọjá lọ bí ẹni tó ń lọ sílé ẹlòmíràn. Ó rẹ́rìn-ín fún Memunat, ó dúpẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ó po búrẹ́dì mọ́ mílíìkì nínú abọ́ Fimí. Ajá náà gbóòórùn abọ́, ó sì padà sẹ́yìn. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Oyinkán pè é ní gbogbo ọ̀nà tó ti ń pe Fimí rí. Ó pè é jẹ́jẹ́. Ó pè é bí ẹni ń bá a wí. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú, ó pe odindi orúkọ náà, Ẹfimísílẹ̀ o. Ajá náà yí ẹyinjú kúrò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí àlejò tó mọ ilé ṣe ń gbójú kúrò lára ẹran tó wà nínú àwo onílé. Ní àkókò yẹn ni Oyinkán sunkún. Ó sunkún ajá rẹ̀ bí kò ṣe sun ún lọ́jọ́ tó kú, ó fi ìró di ẹnu kí ilé má baà gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀ nígbà tí obìnrin kan gbóhùn sókè lójú títì.

"Súnkànmí! Súnkànmí, o ò gbọ́ ni?"

Ajá náà fò dìde bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ẹni tó ti ń retí. Etí rẹ̀ nà, ìrù rẹ̀ ń lu ẹsẹ̀ àga, ó ń ké kúńkún bí ọmọ ajá, ó ń fi èékánná ya ilẹ̀kùn. Oyinkán kò mọ ìgbà tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ajá náà sáré dé géètì, ó dúró, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Súnkànmí kọjá níta, ọmọkùnrin kan tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ tó ń jẹ́ ìpè ìyá rẹ̀. Ajá náà fi imú sí abẹ́ géètì títí ìró bàtà náà fi tán. Ìrù rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó padà wọ yàrá fúnra rẹ̀. Ó wá bá Oyinkán níbi tó jókòó sí lórí ilẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀: ìka ẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ó fara balẹ̀ dáadáa. Nígbà tó parí, ó mí kanlẹ̀, ó gbójú kúrò.

Oyinkán kò mira. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣí kalẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ohun tí ajá náà ṣe nínú ọgbà yẹn. Àmì ló ń wá. Ajá náà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti àárọ̀ bóyá ẹni tó lọ ló padà dé, kò sì rí àmì kankan, ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá òun ló ṣì í wò. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ó sún mọ́ ọn, kò fọwọ́ kàn án. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn bí tirẹ̀. Iná kò sí, kò sì dìde láti tan fìtílà.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. "Ìyá Fimí!" ni Memunat wí pẹ̀lú ayọ̀. "Ìyá Fimí, omi ti ń yọ o!"

Nínú àwọn méjì tó wà nínú yàrá náà, kò sí ẹni tó dáhùn.